Ka Àkọ́sórí Rẹ Kí O Tó Jẹun

Èéfín ẹja ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti Ìyá Tabitha. Aránṣọ ni mí. Ẹ̀yìn fèrèsé mi ní Bàrígà ló gbé ààrò rẹ̀ kalẹ̀ sí, gbogbo aṣọ oníbàárà mi wá ń rùn bí ẹja yíyan. Mo bú u, ó bú mi padà ní èdè Ìlàjẹ tí mi ò gbọ́ tán, ó wá fi ẹsẹ Bíbélì mẹ́ta lé e, pẹ̀lú orí àti ẹsẹ. Ogún ọdún rèé tá a ti jọ ń gbé.

Sabina ni orúkọ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ n purọ́ mọ́ ọn, obìnrin tó lápá ni. Ìdájí ló ń lọ gba ẹja létí omi, á yan án, á gbé e lọ sí Fádèyí, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti tà á tán. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Wọn ò rán an níléèwé ní kékeré. Bíbélì ló fi kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà nígbà tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá sì ti kọ́ sórí, ó ti kọ́ ọ náà nìyẹn. Tí pásítọ̀ bá ń wàásù tó ṣi ẹsẹ kan kà, Ìyá Tabitha á jókòó síbi tó wà, á tún un ṣe fún un, gbogbo ìjọ á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ohun tó ń ṣe nílé. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Tabitha. Nírọ̀lẹ́, tó bá ti bu oúnjẹ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ọmọ náà á dúró síwájú àwo, á kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Àkọ́sórí." Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti àná. Tó bá kà á pé, á jẹun. Tó bá fo ọ̀rọ̀ kan péré, ìyá rẹ̀ á fi àwo bo àwo, ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Kì í na ọmọ yẹn o, kì í pariwo mọ́ ọn. Á kàn bo oúnjẹ. Á ní, "Ẹ̀mí ló máa kọ́kọ́ jẹ kí ara tó jẹ." Òun á wá jókòó, á jẹ tirẹ̀ níṣojú ọmọ.

Ó sì ṣiṣẹ́, mi ò ní jiyàn. Lọ́dún tí Tabitha pé mẹ́sàn-án, ó ka Sáàmù tó gùn jù nínú Bíbélì láti òkè délẹ̀ níwájú ìjọ, kò fi ibì kan sílẹ̀. Wọ́n fún un ní kúlà oúnjẹ ńlá kan. Ìyá rẹ̀ jó títí gèlè fi tú. Nígbà tí mo yíjú wo ọmọ náà, ó ń ṣí kúlà, ó ń wò ó bóyá oúnjẹ wà níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ibà gbé e dè. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi lè gbé nǹkan mì. Lọ́jọ́ kẹrin ara rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ebi dé. Mò ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ó dúró síwájú ìrẹsì, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Àkọ́sórí."

"Jésù sọkún," ni Tabitha wí. "Jòhánù orí kọkànlá, ẹsẹ karùndínlógójì."

Ta ni ò mọ ìyẹn? Gbogbo wa la sá sábẹ́ ẹ̀ ní kékeré, nígbà tá ò bá kọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi.

"Ìyẹn ò wọlé. Ti ọ̀lẹ nìyẹn. Òmíràn."

Òmíràn ò sí. Ó bo àwo.

Tí mo bá ní inú ò bí mi, irọ́ ni. Mo gé búrẹ́dì, mo nà án sí ọmọ náà láti ojú fèrèsé. Kò tíì gbé e mì tí ìyá rẹ̀ fi yọ, tó ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, tó yọ búrẹ́dì náà jáde. Ó wá kọjú sí mi, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìyá Delight, ṣé ẹ bá mi bí i ni?"

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti gbọ́ "Àkọ́sórí" nírọ̀lẹ́, màá tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi kíkankíkan. Aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì bèèrè ni màá máa rán, kí n má baà gbọ́ ìyókù.

Tabitha dàgbà, ó ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, ó gba yàrá kan ní Fọlá Àgòrò. Ó ń wá kí ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kì í fẹnu kan nǹkan kan níbẹ̀, omi pàápàá. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí ni àrùn rọpárọsẹ̀ gbé Ìyá Tabitha ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ọwọ́ ọ̀tún rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ, ahọ́n wúwo. Gbogbo Bíbélì tó wà lórí yẹn, àfi bíi pé wọ́n gbá a jáde. Dókítà ní ọ̀rọ̀ lè padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀.

Tabitha kó ẹrù rẹ̀ padà wálé, gbogbo ilé gbàdúrà fún un. Ó ń wẹ ìyá rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, ó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, ó ń fi òróró ra ẹsẹ̀ tó rọ. Kò sí òórùn kankan nínú yàrá yẹn. Mo ní ọmọ rere rèé, ó ti gbàgbé.

Gbàgbé kẹ̀!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń lọ pọnmi, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, jẹ́jẹ́ bíi ti ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́: "Mọ́mì, àkọ́sórí." Mo rò pé ìtọ́jú ni, pé ó ń fi ìyẹn tú ahọ́n ìyá rẹ̀. Mo tún gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta mo yọjú sínú yàrá. Ìyá Tabitha jókòó sórí àga, ó ti gbẹ, egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta. Ìrẹsì rírọ̀ àti ẹja wà níwájú rẹ̀, ó ń rú èéfín. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan, itọ́ ń dà, ó ń làágùn.

"Jé... Jésù... so... sọkún."

Tabitha ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ò wọlé, Mọ́mì. Ti ọ̀lẹ nìyẹn. Òmíràn." Ó wo aago lórí fóònù rẹ̀. Ó wá fi àwo bo àwo.

"Tabitha!" Orí mi wú. "Ìyá ẹ nìyẹn o! Ṣé o fẹ́ pa á ni?"

"Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì Delight." Ó tún kúnlẹ̀ kí mi, ẹ gbà mí! "Wọ́n jẹun níjẹta. Wọ́n rí ẹsẹ kan kà." Ó dìde. "Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi láti yàrá yín?"

"Mò ń gbọ́."

"Kí lẹ ṣe?"

Mo ní mo fún un ní búrẹ́dì.

"Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Mo yíjú sí àwo tó bò náà.

"Ẹ̀rọ lẹ̀ ń tẹ̀," ló wí. "Ẹ̀ ń gbọ́ mi, èmi náà ń gbọ́ yín." Ó gbé báàgì kọ́ èjìká. "Mò ń lọ síbi iṣẹ́. Oúnjẹ nìyẹn. Tí wọ́n bá máa gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ fún wọn."

Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà ìta tí mo fi ṣí àwo. Mo bu ìrẹsì sí ṣíbí, mo gbé e súnmọ́ ẹnu Ìyá Tabitha.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun. Ó ti lọ. Kò ní mọ̀."

Ó pa ẹnu dé. Mo fi ṣíbí kan ètè rẹ̀, ó yí ojú kúrò. Ebi ń pa á o, mò ń gbọ́ bí inú rẹ̀ ṣe ń kùn. Ó wá gbé ọwọ́ òsì, ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un, ó rọra gbé e lọ sẹ́yìn. Ó gbìyànjú láti gbé ọwọ́ ọ̀tún náà tẹ̀ lé e, kò gbéra.

"Jésù sọkún," ló wí. Ó já gaara ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ó wọlé!" Mo ti ń sunkún. "Ó wọlé, Ìyá Tabitha, ó wọlé! Ẹ jẹun."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òmùgọ̀. Ó mi orí pé rárá. Ó tún pa ẹnu dé, ó ń wá òmíràn, ìrẹsì sì ti tutù lórí ṣíbí.