Ìyá Fínnífínní Gbá Igbó Mọ́

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Ìyá Fínnífínní fi nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn, débi pé àwọn dókítà pàápàá ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó kọjá. Nígbà tí eékún rẹ̀ kò gba kíkúnlẹ̀ mọ́, wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́ igbó kékeré tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ omi. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà fi àwọn igi kéékèèké tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn síbẹ̀ lé e lọ́wọ́. Bí wọ́n bá la ẹ̀ẹ̀rùn já, iṣẹ́ ti di tirẹ̀. Bí wọ́n bá kú, kó máa lọ sinmi nílé. Sinmi kẹ̀? Pẹ̀lú ọkọ tó jẹ́ káfíńtà, tí lẹ́búlẹ́bú igi rẹ̀ ń fò wọ inú ọbẹ̀?

Wọ́n ní kó ṣọ́ igbó, ìyá wa fá a lórí. Ó gbá ewé, ó ṣa ẹ̀ka gbígbẹ, ó pe ọkọ rẹ̀ wá bá a yí igi jíjẹrà kúrò nílẹ̀, ó sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sẹ́yìn ahéré ìṣọ́. Ilẹ̀ mọ́ bí awo. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ilẹ̀ tó wà níhòòhò lábẹ́ oòrùn le koko. Omi tó bá dà síbẹ̀ kàn ń ṣàn lọ ni. Ewé àwọn igi kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu ìyá mọ́. Ó sá lọ sẹ́yìn ahéré láti sunkún, ibẹ̀ ló ti rí i pé igi wẹ́wẹ́ ti hù lórí ààtàn òun, ewé wọn tutù yọ̀yọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bomi rin wọ́n. Ó tọwọ́ bọ abẹ́ ewé jíjẹrà: ó tutù, ó rọ̀, ekòló ń rìn nínú rẹ̀.

“Ìyá wọn,” ni ọkọ rẹ̀ wí nígbà tó dé, “oúnjẹ wọn lo gbá kúrò lẹ́nu wọn yẹn o.”

“Ẹ má yọ mí lẹ́nu, Bàbá wọn. Ẹ bá mi gbé apẹ̀rẹ̀.”

Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ti ń da apẹ̀rẹ̀ ewé àkọ́kọ́ sídìí igi, bí ẹni ń da pàǹtí sí yàrá àlejò. Ṣùgbọ́n ó dà á. Wọ́n yí igi jíjẹrà náà padà sáyè rẹ̀.

Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ọ̀gá dé. Ó wo ilẹ̀ títí. “Màmá, ta ló da ibí rú báyìí?”

“Èmi ni, ọ̀gá.”

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo àwọn igi náà. Díẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n àwọn yòókù ń rúwé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ti di ti Màmá. Bó ti fẹ́ fẹsẹ̀ gbá ewé kúrò lọ́nà kó lè kọjá, ìyá ti dí i níwájú.

“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ gba ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ba ìdọ̀tí mi jẹ́.”