Bébà Inú Àpótí Àbíjáànì

Fààà. Ìró yẹn ni Phebe kọ́kọ́ mọ̀ láyé. Bàbá rẹ̀ yóò fi eyín gé etí aṣọ díẹ̀, yóò di ìhà méjèèjì mú, yóò sì fà á ya. Òṣómàáló ni bàbá náà, ó ń ru aṣọ láti Iléṣà lọ tà láwìn ní àwọn ìlú tó jìnnà, a sì lóṣòó ti onígbèsè títí yóò fi san owó. Bí ìgàn aṣọ kan bá tán, bébà aláwòrán tí àwọn òyìnbó lẹ̀ mọ́ ọn a ṣẹ́ kù, kò ní tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn ọmọ ilé ló ń pín in.

Phebe ti di arúgbó báyìí. Télọ̀ ni. Aṣọ akọrin ló ń rán jù, fún ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tirẹ̀ àti fún ẹnikẹ́ni tó bá mú aṣọ wá. Kò sẹ́ni tó kù nínú ilé bàbá wọn mọ́ àfi òun. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Cornelius, wọ mọ́tò lọ sí Àbíjáànì nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Wọ́n gbúròó rẹ̀ fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àwọn kan ní ó ti lówó, àwọn kan ní ó ti kú. Phebe kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Bí wọ́n bá bi í, á ní àbúrò òun wà ní Àbíjáànì, á sì máa tẹ maṣíìnì rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan, Olúwajùwọ́nlọ, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó ń tajà ní Àbíjáànì, fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ló kú sínú yàrá tó háyà, wọ́n sì ti sin ín. Kọ̀nẹ́ ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá, àfi pé ó máa ń kọ orin Yorùbá bó bá ń fá irùngbọ̀n. Àpótí páànù kan ló fi sílẹ̀, bébà aláwòrán kan sì lẹ̀ mọ́ inú ìdérí rẹ̀. Bébà náà ló yà ránṣẹ́.

"Màmá, ẹ wò ó bóyá ẹ mọ̀ ọ́n," ni ọmọ náà wí. "Ẹ má bínú sí àwòrán yìí o, yàrá ọ̀hún ṣókùnkùn, fóònù mi náà ti darúgbó."

Phebe wò ó títí. Ó rí ìpẹtà, ó rí àwọ̀ ewé tó ti ṣá, ó rí ohun tó dà bí igi. Bébà tí bàbá wọn fún Cornelius, ọ̀kín ló wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ igi ni eléyìí, a jẹ́ pé ọmọ ẹlòmíràn ló kú.

Wọ́n júwe ọkùnrin kan fún un ní Òṣogbo, Lùkúmọ̀n, tó ń ta sítáǹbù àtijọ́, owó àtijọ́ àti fọ́tò àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ mọ́, fún àwọn àlejò tó bá ń lọ sí Igbó Ọ̀ṣun. Phebe wọ mọ́tò lọ bá a.

"Láti Iléṣà?" ni Lùkúmọ̀n wí, ó rẹ́rìn-ín. "Háà, òṣómàáló! Àga nìyí o, Màmá. Ẹ má wulẹ̀ lóṣòó tì mí, mi ò jẹ yín ní gbèsè."

"Bó o bá jẹ mí ni, o ò ní lè rẹ́rìn-ín báyìí."

Ọkùnrin náà tún rẹ́rìn-ín, ó gba fóònù. "Ta ló ya eléyìí? Ṣé orí ọ̀kadà ló wà ni?" Ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà. "Kì í ṣe sítáǹbù. Etí sítáǹbù máa ń rí wájawàja bí eyín ayùn, ti eléyìí gún. Bébà aṣọ ni."

"Ìyẹn yé mi. Kí ló wà lára rẹ̀? Igi ni, àbí?"

"Ó jọ igi. Igi tó wà lórí àpáta."

Phebe na ọwọ́ láti gba fóònù rẹ̀ padà.

"Ẹ dúró ná, Màmá. Àpáta yìí ní ojú." Lùkúmọ̀n dorí fóònù náà kodò, ó sún un mọ́ imú. "Ẹ wá wò ó. Ọ̀kín ni! Ìrù rẹ̀ la ń pè nígi. Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ló dorí rẹ̀ kodò, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi ojú kọ́kọ́rọ́. Kò mọ̀ ọ́n lẹ̀ rárá."

"Ó mọ̀ ọ́n lẹ̀," ni Phebe wí.

Ó ti gbàgbé. Cornelius a máa ṣeré òṣómàáló nínú àgbàlá, a ṣí àpótí rẹ̀, a sì tẹ́ ìdérí sílẹ̀ síwájú. Nígbà tí wọ́n ní kó yí bébà tó lẹ̀ kodò síbẹ̀ padà, ó kọ̀. Ó ní oníbàárà tó jókòó níwájú òun ló yẹ kó rí i dáadáa, òun ti rí i tẹ́lẹ̀.

"Ó ṣọ̀wọ́n o," ni Lùkúmọ̀n ń wí. "Bí ẹni tó ni ín bá fẹ́ tà á..."

"Ó ti kú. Àbúrò mi ni."

"Inná lílláhi." Lùkúmọ̀n rọra gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́. Ó wá omi fún un. Phebe mu díẹ̀, ó dúpẹ́, ó dìde.

Nínú mọ́tò, obìnrin kan ń ráhùn nípa oòrùn, Phebe sì ń dá a lóhùn. Ó ń retí kí ẹkún wá. Kò wá.

Nígbà tó délé, ó sọ̀rọ̀ sínú fóònù fún Olúwajùwọ́nlọ: "Cornelius ni. Sọ fún wọn pé Cornelius ló ń jẹ́. Bá mi gbé àpótí náà pamọ́."

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé, ẹnikẹ́ni kì í sùn níbẹ̀. Láti ìgbà tí ilé ti kù sí i lọ́wọ́ ni Phebe ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé yóò fẹ́ nà gbọọrọ. Ó wọlé, ó ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà, ó rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, ó fọ̀ ọ́. Aṣọ ńlá bẹ́ẹ̀, èèyàn méjì ló ń fún un, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Phebe so etí kan mọ́ òpó tó wà lẹ́yìnkùlé, ó di èkejì mú, ó lọ́ ọ títí omi ò fi kán mọ́. Ó tú u, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì sá a.