Iyọ̀ Tí Ìyá Làábù Gbé Kalẹ̀ fún Tíṣà Ọláníran

Lẹ́yìn ìlú Ìrókò, níbi tí oko ẹ̀gẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ kíláàsì, ilé ìwé girama kan wà tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń bẹ̀rù obìnrin kan ju ọ̀gá ilé ìwé lọ. Gbọ́njúbọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ìyá Tìmílẹ́hìn ni àwọn olùkọ́ ń pè é, ṣùgbọ́n Ìyá Làábù ni gbogbo ọmọ mọ̀ ọ́n sí, nítorí òun ló ń tọ́jú yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ kẹ́mísírì.

Kì í ṣe tíṣà. Ìwé mẹ́fà péré ló kà kó tó lọ máa gbálẹ̀ nílé iṣẹ́ ìwádìí kan n'Íbàdàn. Ibẹ̀ ni bàbá kan tó ń jẹ́ Sùnmọ́nù, tó ń po kẹ́míkà fún àwọn onímọ̀, ti rí i pé ojú rẹ̀ là, tó sì kọ́ ọ níṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ìka mẹ́rin ni bàbá náà ní lọ́wọ́ òsì, kò sì sọ ohun tó mú ìkarùn-ún lọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Gbọ́njúbọ́lá bá ti gbàgbé ìbọ̀wọ́, bàbá á kàn na ọwọ́ òsì náà sókè, á máa wò ó.

Òfin Gbọ́njúbọ́lá kò pọ̀. Má jẹun ní làábù, má mu omi níbẹ̀, fọ ọwọ́ rẹ kó o tó jáde. Ìgò tí kò bá ní àkọlé lára, májèlé ni títí a ó fi mọ orúkọ rẹ̀.

Gbogbo èèyàn ló ń pa òfin náà mọ́ àfi ọ̀gbẹ́ni Ọláníran, olùkọ́ jọ́gíráfì. Ọkùnrin náà sanra, ó lẹ́rìn-ín, kò sì fi ikùn rẹ̀ ṣeré. Làábù nìkan ni fáànù ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìwé náà. Tó bá ti di ọ̀sán, á gbé ẹyin sísè mẹ́ta wọlé, á jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń da ásíìdì, á máa bó èèpo ẹyin.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹun níbí."

"Ìyá wa, ẹyin ò gbọ́ kẹ́mísírì."

"Ikùn yín náà ò gbọ́ ọ. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kìlọ̀ fún un. Nígbà kẹrin, ó dákẹ́. Ẹni tó bá sì mọ Gbọ́njúbọ́lá mọ̀ pé ìgbà tó bá dákẹ́ ló yẹ kéèyàn sá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó bu iyọ̀ ọbẹ̀ láti ilé, ó dà á sínú àwo gíláàsì kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sórí bébà pé BÀRÍỌ́Ọ̀MÙ KILORÁÌDÌ, MÁJÈLÉ, ó ya agbárí òkú sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àwo náà, ó wá kọ ojú àkọlé sí ògiri. Ojúlówó bàríọ́ọ̀mù kiloráìdì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Funfun ni, ojú lásán kò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára iyọ̀ ọbẹ̀. Omi rẹ̀ ni wọ́n ń kán sínú omi mìíràn láti mọ̀ bóyá kẹ́míkà tó ń jẹ́ sọ́fẹ́ètì wà níbẹ̀. Tó bá wà, omi náà á funfun bí omi ògì. Ṣùgbọ́n bó bá wọ ikùn èèyàn, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló máa kọ́kọ́ fi kí i. Lẹ́yìn náà apá àti ẹsẹ̀ á rọ, ọkàn á máa lù ségesège, ó sì lè dákẹ́.

Ọláníran dé, ó bó ẹyin, ó rí iyọ̀ níwájú rẹ̀. "Ọlọ́run mà mọ̀ mí o!" Ó ki ẹyin bọ ọ́. Ìgbà tó gbé e mì tán ni Gbọ́njúbọ́lá yọ láti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù.  Ó kàn fi ìka kan yí àwo náà díẹ̀díẹ̀ títí agbárí òkú fi kọjú sí tíṣà.

"Yéè! Mo kú o!"

Ó ta kìjí, ó di ẹnu géètì. "Epo! Ẹ bá mi gbé epo pupa!" Obìnrin tó ń ta ẹ̀wà níbẹ̀ gbé ìgò epo lé e lọ́wọ́. Gbọ́njúbọ́lá ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. "Iyọ̀... iyọ̀ ọbẹ̀ ni, Tíṣà!" Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọkùnrin náà ti da ìdajì ìgò sọ́fun. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ilé ìgbẹ́ ló fi ṣe kíláàsì.

Ìròyìn náà dé Mọ́níyà. Nígbà tí Gbọ́njúbọ́lá sọ ọ́ fún àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù, ẹ̀rín ò jẹ́ kí ẹni tó yẹ kó dá orin rí i dá mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Ọláníran ò fi kí i.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣeunfúnmi, olùkọ́ kẹ́mísírì, wọn ojúlówó bàríọ́ọ̀mù kiloráìdì sínú àwọn àwo gíláàsì, ó lẹ àkọlé alágbárí òkú mọ́ wọn. Gbọ́njúbọ́lá wọ ìbọ̀wọ́, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó wá gba ìdí kànga lọ pọnmi. Nígbà tó ń gbé korobá bọ̀, ó gbọ́ ẹ̀rín nínú làábù. Ọláníran ti mú àwọn àgùnbánirọ̀ méjì wọlé.

"Ẹ wò ó, Ìyá tún ti kó iyọ̀ rẹ̀ síta! Agbárí òkú náà rèé. Ó rò pé òmùgọ̀ ni mí títí ayé." Ó ki ìka bọ àwo, ó fi kan ahọ́n.

Gbọ́njúbọ́lá ò mọ ìgbà tí korobá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo omi náà gbá tíṣà lójú.

"Tu ú! Tu ú dànù! Ojúlówó ni!"

"Ìyá, mo ti gbọ́ orin yẹn..." Ó wo ojú rẹ̀. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tutọ́.

Gbọ́njúbọ́lá mú kó fi omi fọ ẹnu rẹ̀ léraléra, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ fún un bí ọmọ ọwọ́. Tíṣà béèrè pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín, "Epo ńkọ́?"

"Epo ò ràn án. Ilé ìwòsàn là ń lọ." Ó da orúkọ tó wà lára ìgò kọ sórí bébà, ó ki í bọ àyà, àwọn méjèèjì sì gun ọ̀kadà kan. Gbọ́njúbọ́lá di ọkùnrin ńlá náà mú láti ẹ̀yìn, ó ń ka Sáàmù, ó ń ṣì í kà.

Dókítà ní orúkọ tí wọ́n kọ wá yẹn ló ran àwọn lọ́wọ́ jù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ń ṣọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù títí di ìrọ̀lẹ́. Èyí tó kan ahọ́n kò tó nǹkan, ó sì ti tu púpọ̀ nínú rẹ̀ dànù.  Níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé iyọ̀ ọbẹ̀ ni."

 Ọ̀rọ̀ náà wọ Gbọ́njúbọ́lá lákínyẹmí ara. Ọdún mẹ́sàn-án ni Bàbá Sùnmọ́nù fi kọ́ ọ pé àkọlé kì í purọ́. Ẹ̀rín ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi sọ àkọlé di òpùrọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ilé ìwé, Àlàájá Zubaidah, kọ ìwé sí i pé kó ṣàlàyé ìdí tí àkọlé májèlé fi wà lára iyọ̀ ọbẹ̀, àti ìdí tí ìlẹ̀kùn làábù fi ṣí sílẹ̀. Gbọ́njúbọ́lá dáhùn pé: "Ti àkọ́kọ́, èmi ni mo jẹ̀bi, ẹ bá mi wí bó ṣe yẹ. Ti ìkejì, ìlẹ̀kùn náà ò ní kọ́kọ́rọ́ láti ọdún mẹ́rin. Lẹ́tà tí mo kọ nípa rẹ̀ lẹ fi ti ẹsẹ̀ tábìlì yín tó ń mì."

Àlàájá bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. Ó gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Síbẹ̀ ó ní dandan ni kí Ìyá Làábù dúró níwájú gbogbo ilé ìwé, kó sọ ohun tó ṣe. Ó sọ ọ́, kò fi ìkankan pamọ́, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọláníran lójú gbogbo ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìlẹ̀kùn onírin dé. Ọrùn ni Gbọ́njúbọ́lá so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́. Bó bá wọ aṣọ funfun Kérúbù lọ́jọ́ Ìsinmi, tó ń jó síwá sẹ́yìn, ẹ ó máa gbọ́ kọ́kọ́rọ́ náà tó ń ró woroworo lábẹ́ aṣọ.