Ẹni Tí Yóò Túfọ̀ fún Kóòtù

Orúkọ àwọn ọmọ tí ilé ìwé bá fi sun kóòtù pé wọn kì í wá sí kíláàsì, ọ̀dọ̀ Rẹ̀mílẹ́kún, akọ̀wé níbẹ̀, ló ń já sí. Yóò pe ilé ọmọ lórí fóònù, yóò béèrè ohun tó dá a dúró, yóò tẹ ìdí rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Bí oṣù bá parí, yóò ṣírò gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba: mélòó ló ṣàìsàn, mélòó ni kò rí ọkọ̀ wọ̀, mélòó ni kò nídìí. Àwọn tí kò nídìí ló ń lọ síwájú adájọ́.

Láti ìgbà tí Dáramọ́lá ọkọ rẹ̀ ti lọ, iṣẹ́ náà bá a lára mu. Kò gba omijé, kò gba ẹ̀rín. Ó ń wa mọ́tò wá láti Duluth, ìlú òyìnbó tó ń gbé, láàárọ̀, ó ń wà á padà nírọ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n ń fi okùn fà. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀, kò sì korò. Ní ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ kú. Ó gba ìsinmi, ó sin ín, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Joanna ọ̀gá rẹ̀ tiẹ̀ bi í bóyá ó gbádùn ìsinmi náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan, orúkọ Amatullah dé, ọmọ Snellville, Salimat ni ìyá rẹ̀. Ilé ìwé ti kọ lẹ́tà títí, ìyá kò fèsì. Ọ̀la ni kóòtù. Bí Rẹ̀mílẹ́kún kò bá rí ìdí kan fi síbẹ̀ kí iṣẹ́ òní tó parí, ọmọ ti di ìsáǹsá nìyẹn, ìyá yóò sì lọ rojọ́ níwájú adájọ́.

Òyìnbó ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ bí ìyá náà ṣe pe “hello,” ó yí i sí Yorùbá.

“Ìyá Amatullah, kí ló dé tí ọmọ kì í lọ sílé ìwé?”

“Ẹ tún ń bi mí?” Ohùn obìnrin náà gbẹ. “Ilé ìwé tí kò kí mi! Wọn ò yọjú, wọn ò rán ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà kóòtù ni wọ́n fi kí mi. Kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ń ju lẹ́tà wọn sí.”

“Kí wọ́n kí yín ti kí ni?”

Ẹlòmíì gba fóònù lọ́wọ́ Salimat.

“Aunty, ẹ má bá a wí, inú opó ló wà. Èmi ni Hajarah, àbúrò ẹ̀. Yakub ọkọ ẹ̀ ló kú. Èmi ni mò ń sùn tì í, àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Marietta ni shift mi wà. Ọmọ ló ń jókòó tì í. Òní tí mo wà nílé, ó ti lọ sílé ìwé. A ò ṣáà lè fi opó sílẹ̀ lóun nìkan.”

“Ta ló sọ fún ilé ìwé?”

“Mo rò pé àwọn ará mọ́ṣáláṣí sọ. Àwọn náà á rò pé èmi ni. Ìyàwó kọ́ ni yóò kúkú fẹnu ara ẹ̀ túfọ̀ ọkọ ẹ̀.”

Òótọ́ ni. Nílé, ẹlòmíì ló ń bá ọlọ́fọ̀ gbé ìròyìn ikú jáde. Kí oòrùn tó mú, olùkọ́ ọmọ á ti gbọ́, á ti wá jókòó ní pálọ̀. Níhìn-ín, kálukú wà nínú mọ́tò tirẹ̀. Ikú wọlé, kò sẹ́ni tó bá wọn gbé e jáde.

Joanna nìkan ló lè yọ orúkọ kúrò nínú ẹjọ́ ọ̀la. Rẹ̀mílẹ́kún dìde. Láti ọjọ́ tí Dáramọ́lá ti lọ, “ó kú” kò tíì gba ẹnu rẹ̀ jáde. “Ó lọ” ló máa ń sọ, bí ẹni pé ọkùnrin náà lọ ra búrẹ́dì.

“Ọmọ yẹn kò sá,” ó sọ fún Joanna. “Bàbá rẹ̀ kú.”

“Ó mà ṣe o! Kí ló dé tí ìyá ẹ̀ kò sọ?”

“Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í fúnra rẹ̀ sọ. Wọ́n máa ń bá a sọ ni.”

Joanna yọ orúkọ ọmọ náà, ó ní kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí ikú ránṣẹ́, òun yóò pe ilé ìwé fúnra òun.

Rẹ̀mílẹ́kún padà sórí fóònù, Hajarah sì gbé e fún Salimat. “Ìyá Amatullah, ẹ ò lọ sí kóòtù mọ́. Ẹ kú ara fẹ́ra kù.”

Ẹkún Salimat pẹ́. Nígbà tó tán, ó ní: “Aunty, bí ẹ ṣe kí mi yìí, ó jọ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ta ló kú mọ́ yín lọ́wọ́?”

“Ọkọ mi. Dáramọ́lá. Ó kú.”

“Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Aunty. Ṣé wọ́n mọ̀ níbi iṣẹ́ yín?”

“Wọn ò mọ̀.”

“Háà! Ẹ fún mi ní nọ́ńbà ọ̀gá yín, kí n bá yín sọ. Òyìnbó mi ò dán o, àmọ́ á yé e.”

Rẹ̀mílẹ́kún wo ẹnu ọ̀nà Joanna. Ó ka nọ́ńbà náà fún un.

Kò pẹ́, fóònù dún nínú yàrá ọ̀gá. Rẹ̀mílẹ́kún ká ọwọ́ lé itan, ó jókòó, ó ń dúró.