Ọkọ̀ Eléèyàn Méjì Tí Ọ̀gá Fẹ́ Gbé Lọ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ọkùnrin tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́, ẹ wo abẹ́ èékánná rẹ̀. Rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ni, Sípáàkì làwọn ará àdúgbò ń pè é. Ọṣẹ ti gbìyànjú, kànìnkànìn ti gbìyànjú, dúdú abẹ́ èékánná yẹn ò kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kó bá yín kan ìṣó mọ́ ògiri, ẹ ó kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọkọ̀ tí iná rẹ̀ ti kú wá, ojú rẹ̀ á tàn bíi ti ẹni tí ebi ń pa tó rí oúnjẹ.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń ránṣọ ni. Ògiri kan ṣoṣo ló la yàrá ìránṣọ wa àti gáràjì Sípáàkì láàárín, ilẹ̀kùn ara rẹ̀ kì í sì í tì dáadáa, nítorí náà gbogbo ohun tó bá ń sọ fún ọkọ̀ là ń gbọ́. Ó máa ń bẹ ọkọ̀, ó máa ń bú ọkọ̀, á tún bi í pé kí lòun fi ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi á pariwo láti ìdí ẹ̀rọ pé, "Ṣé èmi lò ń bá wí?" Òun á ní, "Rárá o, ìyàwó mi. Ìyàwó kejì ni."

Ìyàwó kejì yìí ni ọkọ̀ pupa kan báyìí, ọkọ̀ eré àtijọ́, eléèyàn méjì péré, tí kò ní òrùlé, tí imú rẹ̀ gùn ju ìdí rẹ̀ lọ. Ọ̀gá tó kọ́ Sípáàkì níṣẹ́ ló ni ín. Òun ló wà wọ ìlú yìí nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó sì fi ń yan kiri títí ọkọ̀ náà fi kú. Ọ̀gá ti darúgbó báyìí. Òun nìkan ló ń dá gbé látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá dé ni bàbá ń kọ̀. Ìgbà tó yá ló wá sọ ohun tó lè gbé òun kúrò: "Ọkọ̀ tí mo gbé wọ ìlú yìí ni màá gbé jáde. Ẹ ò ní kó mi sẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹrù."

Ni ọmọ bá wá bẹ Sípáàkì. Ó ní Sátidé lòun ń bọ̀, kó jọ̀ọ́, kó bá òun jí ọkọ̀ yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bàbá òun ò ní lọ, ẹ̀rù sì ń ba òun kó má lọ ṣubú nínú ilé láìsí ẹni tó máa gbé e dìde. Sípáàkì ní kò sí wàhálà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tó bá ti ní kò sí wàhálà ni àyà mi máa ń já.

Ó tú gbogbo wáyà ìdí súwíìṣì, níbi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Gbogbo wáyà ọkọ̀ àtijọ́ ló máa ń di àwọ̀ eruku, ìyẹn ni Ọ̀gá kì í fi í gbọ́kàn lé àwọ̀. Òwú ni wọ́n ń so mọ́ wáyà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kókó ara òwú ni wọ́n sì ń kà. Kókó kan, wáyà tó ń gbé iná bọ̀ láti bátìrì nìyẹn. Kókó méjì ń gbé iná lọ sí kọ́ìlì, iná yẹn ò sì gbọ́dọ̀ já níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Kókó mẹ́ta ni ti sítátà tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè jí. Mẹ́rin ni ti wáípà àti rédíò. Súwíìṣì náà ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, kálukú sì ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Òwú wa ni Sípáàkì ń gé lò, kì í tọrọ.

Ìgbà tó ń dá wọn padà, wáyà méjì ló bá tó ní kókó mẹ́ta, kò sì rí èyí tó ní méjì. Kò tiẹ̀ mikàn. Ó ní ọkọ̀ àtijọ́ ló máa ń so wáyà méjì mọ́ ẹsẹ̀ kan, ó ní ẹsẹ̀ tó ṣófo yẹn á jẹ́ ti nǹkan tí ọkọ̀ yìí ò ní. Ó so méjèèjì mọ́ ẹsẹ̀ sítátà, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ́ńjìnnì bú! A sáré wọlé, tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n mi. Sípáàkì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kó lè pàtẹ́wọ́, ẹ́ńjìnnì kú. Ó yí i, ó bú. Ó fi sílẹ̀, ó kú. Ó dà bí ọmọ ọwọ́ tí kò fẹ́ kí wọ́n gbé òun sílẹ̀.

Ó fọ kabúrẹ́tọ̀. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó pààrọ̀ kọ́ìlì. Ó wá gbé tẹ́sítà rẹ̀, gílóòbù kékeré tó ní wáyà méjì, ó fi kan kọ́ìlì, ó ní kí n bá òun di kọ́kọ́rọ́ mú. Mo dì í mú, gílóòbù tàn. Ó ní, "Fi sílẹ̀!" Mo fi sílẹ̀, gílóòbù kú. "Ẹ̀n-ẹ́n!" ló wí, "súwíìṣì burúkú ló ń fi mí ṣeré." Ó lọ ra súwíìṣì tuntun. Ibi pẹlẹbẹ náà la tún bá a.

Ọjọ́ Ẹtì dé, Ọ̀gá ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Mo ní, "Bùrọ̀dá, ṣé ó dá yín lójú pé ibi tó yẹ kí àwọn wáyà yìí wà ni wọ́n wà?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀. "Kókó Ọ̀gá mi kì í parọ́."

Inú bí mi débi pé sísọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ fi gé gbogbo kókó náà dànù. Olórí kunkun! Ó padà lọ jókòó sórí ilẹ̀, kò sì jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi lè fara da ohun gbogbo lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, àfi oúnjẹ tí wọn ò fọwọ́ kàn. Ó wọ gáràjì, ó lóṣòó tì í.

"Fi kókó tó ń lé oúnjẹ mi sẹ́yìn hàn mí."

Sípáàkì nawọ́ sí wọn. "Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Èyí náà, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ojú sún mọ́ ọn. "Ta ló ta kókó èyí?"

"Ta ni ì bá tún ta á? Èmi ni."

"Irọ́ ni. Èmi ni. Ọjọ́ tí wọ́n pè ẹ́ síta pé ọkọ̀ kan dínà, ṣebí o fi òwú lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá ẹ ta méjì."

"Mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ìyàwó mi."

"Méjì ni mo ta. Eléyìí tó wà nídìí yìí, òun ni mo fi parí òwú, kó má baà tú."

Èmi mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, torí orí mi ló fi kọ́ mi. Òwúkówù tí mo bá fi sílẹ̀ láìta kókó sí ìdí rẹ̀, rúlà ló fi ń kàn mí lórí. Ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró gbàṣẹ kó tó parí òwú.

Sípáàkì wo kókó, ó wo ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi na gbalaja sórí ilẹ̀. Ó wá dìde, ó tú wáyà náà kúrò ní ẹsẹ̀ sítátà, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ tó ṣófo, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó fi sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò kú! Ó ń bú lọ ràì, abẹ́rẹ́ ń jó lórí tábìlì wa. Ó gbá ẹ̀gbọ́n mi mọ́ra, wọ́n ń yí po, àpá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì hàn kedere lára aṣọ funfun oníbàárà tó wà léjìká ìyàwó rẹ̀. Èmi ni mo fọ̀ ọ́, kò sì tíì kúrò.

Láàárọ̀ Sátidé, Ọ̀gá dé tòun ti fìlà, ọmọ rẹ̀ sì fi ọkọ̀ tirẹ̀ kó ẹrù tẹ̀lé e. Bàbá náà rìn yí ọkọ̀ pupa ká. Ó wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì bú, ṣùgbọ́n kò fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ọmọ ti rò fún un bó ṣe ń kú tẹ́lẹ̀ bí wọ́n bá fi sílẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á.

Sípáàkì ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Ọ̀gá. Kò ní kú."

Ó fi sílẹ̀. Kò kú. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìtọ́kọ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀, èmi náà sì sunkún, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Ìgbà tó ṣe, ó sọ̀kalẹ̀, ó rọra rìn yíká, ó lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ọ̀gá, kí lẹ gbàgbé?"

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Ojú mi ò gbé ọ̀nà jíjìn mọ́, mo sì mọ̀ kí n tó dé. Ìyàwó mi ló ń jókòó síbí, mi ò jókòó síbí rí." Ó nawọ́ sí àga awakọ̀. "Ọ̀gá mi, ẹ wọlé, ẹ gbé mi lọ."

Sípáàkì nu ọwọ́ dúdú yẹn mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ léraléra bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá ọba, ó wọlé, wọ́n sì lọ. Ní ìkángun òpópónà, atẹ́gùn ṣí fìlà Ọ̀gá. Bàbá náà ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ọmọ rẹ̀ ló dúró tó ṣà á.