Baba Tó Ń Fi Orí Dán Bọ́ọ̀lù Wò

Gbì. Bọ́ọ̀lù kan iwájú orí Baba, ó lọ sókè, ó tún padà bọ̀. Gbì. Baba dúró sí ẹnu ìsọ̀ wọn ní Ìbà, ẹsẹ̀ méjèèjì nínú iyanrìn, ojú lókè bí ẹni tó ń wò ó bóyá òjò á rọ̀. Àwa ọmọ tí a gbé bọ́ọ̀lù náà wá tò síwájú wọn, à ń retí ìdájọ́. Gbì, lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n fi ọwọ́ mú un, wọ́n gbọn orí díẹ̀ bí ewúrẹ́ tí omi ta sí lára.

"Kò tíì yó," ni wọ́n wí. "Ẹ gbé pọ́ǹpù wá."

Aránbàtà ni Baba. Ìsọ̀ wọn fara ti ògiri ilé wa, tó bẹ́ẹ̀ tí òórùn gọ́ọ̀mù àti awọ fi máa ń bá wa mu ẹ̀kọ láàárọ̀. Bàtà ni wọ́n ń rán jẹun, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ni wọ́n fẹ́ràn. Nígbà èwe wọn, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan ní Ọ̀jọ́. Àwọn tó bá wọn láyé ìgbà yẹn sọ pé bọ́ọ̀lù tó bá ti gba òkè wá, ti Baba ni, ẹnikẹ́ni kì í bá wọn dù ú. Bọ́ọ̀lù awọ ni, bí òjò bá pa á, á wúwo bí ìkòkò omi. Orí kan náà ló ń gba gbogbo rẹ̀.

Àwọn ọmọ Òkòkòmáíkò, àwọn ti Ìjanikin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó háyà yàrá ládùúgbò wa, Baba ni gbogbo wọn ń gbé bọ́ọ̀lù tó ti ya wá bá. Wọ́n á tú okùn, wọ́n á yọ rọ́bà inú rẹ̀, wọ́n á lẹ̀ ẹ́, wọ́n á dá a padà, wọ́n á sì fi òòlu àti abẹ́rẹ́ rán awọ náà pa dé. Kò sí bọ́ọ̀lù kan tó ń kúrò níbẹ̀ tí wọn ò fi orí dán wò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi wọ́n pé ṣé ọwọ́ ò lè tẹ̀ ẹ́ wò ni. Baba wò ó tàánú-tàánú.

"Ọwọ́ mi ti yi jù, irọ́ ló máa pa fún mi," ni wọ́n wí. "Orí ò ní ṣèké fún ẹni tó rù ú."

Èmi ni kípà àwọn ọmọ àdúgbò wa. Ọmọbìnrin ni mí, mi ò sì mọ bọ́ọ̀lù gbá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú mi dúró sáàárín òkúta méjì. Baba nìkan ló rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọwọ́ rẹ ń lẹ̀ ju gọ́ọ̀mù mi lọ." Ìyìn ọjọ́ náà, mi ò tíì ná an tán.

Ẹ̀rín la kọ́kọ́ fi gba ìgbàgbé Baba. Wọ́n á rán mi ní àkàrà, n óò rà á dé, wọ́n á tún rán mi. Èyí tó bá ṣẹ́kù á di tèmi. Ta ni yóò bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jà? Wọ́n di bàtà méjì pọ̀ fún obìnrin kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni méjèèjì. Obìnrin náà ní, "Baba, ṣé ẹsẹ̀ ọ̀tún méjì lẹ rí lára mi?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Baba náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rín tán, bọ́ọ̀lù tiwa gan-an ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rán an, ó dùn ún wò, okùn rẹ̀ tò bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Wọ́n dìde, wọ́n jù ú sókè, wọ́n fi orí pàdé rẹ̀. Kò dún gbì. Ó dún pẹ̀ẹ́, ó sì jábọ́ sórí iyanrìn bí fìlà. Rọ́bà inú rẹ̀ ṣì wà lórí àpótí tí wọ́n dìde kúrò. Ọ̀kan nínú wa bú sẹ́rìn-ín. Baba wo bọ́ọ̀lù, wọ́n wo rọ́bà, wọ́n wá wo ìyàwó wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rọra gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀.

Aládùúgbò wa kan, tó máa ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ní ọwọ́ ayé ni.

"Ayé tó ń bínú aránbàtà," ni Màmá dáhùn, "ṣé kò níṣẹ́ tó ń ṣe ni?" Ọsibítù ni wọ́n mú Baba lọ.

Nígbà tí wọ́n dé, Màmá ń gé ilá lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì ń ròyìn ọsibítù fún ìyá mi. Dókítà bi Baba bóyá wọ́n ti ń fi orí gbá nǹkan rí. Baba ní, "Dókítà, ẹ kúkú bi mí nípa ìgbà tí mi ò gbá a, ìyẹn á tètè tán." Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò lè búra pé bọ́ọ̀lù ló fà á, nítorí ogbó náà a máa mú ìgbàgbé wá, àìsàn mìíràn sì wà. Ṣùgbọ́n ọpọlọ rọ̀, bí orí bá sì ń mì lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó wà nínú rẹ̀ náà ń mì. Èyí tó ti lọ ò ṣeé rán padà. Èyí tó kù ni kí Baba tọ́jú. Kí wọ́n má fi orí kan bọ́ọ̀lù mọ́.

Baba gbọ́ wọn láti ìsọ̀. Wọ́n ń yí òòlu lọ́wọ́.

"Kí ni n óò wá fi mọ̀ pé ó yó?"

"Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́."

"Ọwọ́ mi..."

"Ọwọ́ yín ń purọ́, mo ti gbọ́." Màmá ò gbé ojú kúrò lára ilá. "Lánàá ẹ bi mí pé níbo ni ìyá yín wà. Àwa méjèèjì la jọ sin wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú orí yẹn. Èmi náà wà nínú ẹ̀."

Baba gbé òòlu sílẹ̀. Màmá ń gé ilá wọn lọ lórí pákó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Baba yọ sí wa ní pápá, fèrè lọ́rùn wọn. Wọ́n ní láti òní lọ, ẹni tó bá fi orí gbá bọ́ọ̀lù níbí, bí ẹni tó fi ọwọ́ gbá a ni. Ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù fún. Àwọn ọmọkùnrin fárígá.

"Bó bá wá gba òkè ńkọ́, Baba?"

"Jẹ́ kó máa lọ. Ó ṣì máa sọ̀kalẹ̀. Kí lo rò pé ó fẹ́ lọ ṣe lọ́run?"

"Ṣebí ẹ̀yin náà ń fi orí gbá a."

"Èmi ra òfin yìí ni," ni Baba wí, "ó sì wọ́n. Ọ̀fẹ́ ni mo fi fún yín."

Àwọn ọmọ Òkòkòmáíkò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n pè wá ní ẹgbẹ́ olórí ẹyin. A gbà bẹ́ẹ̀. A kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àyà gba bọ́ọ̀lù, tí wọ́n á sì rọra gbé e bọ́ sílẹ̀. Ní ìsọ̀, Baba rí ìwọ̀n tuntun: wọ́n á sọ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, Màmá á dúró tì í. Bó bá fò dé ìbàdí Màmá, ó yó. Bó bá mọ ní orúnkún, ẹ gbé pọ́ǹpù wá. Màmá á máa ráhùn pé ọbẹ̀ àwọn ń jóná lórí iná, ṣùgbọ́n wọn ò kọ̀ rí.

Ìgbàgbé náà ò padà sẹ́yìn, jẹ́jẹ́ ló ń rìn lọ. Nígbà tó yá, Màmá gba òòlu lọ́wọ́ Baba. Baba bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ kípà wọn àtijọ́ pè mí, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe wí. Mo ń dá wọn lóhùn.

Lọ́jọ́ kan, Baba àti Màmá jókòó lábẹ́ igi fúrútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Bọ́ọ̀lù gba òkè wá, ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò fò sókè, ó na ọrùn sí i. Fèrè dún. Ọmọ náà ní, "Kí ni mo ṣe?" Gbogbo wa jọ ka òfin sí i létí. Baba fi ọwọ́ pè mí.

"Kípà, ta ló ṣe òfin yìí?"

Mo wo Màmá. Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Baba."

"Èmi?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí èjìká wọn fi ń mì. "Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ṣe òfin yẹn gbọ́n o." Wọ́n yíjú sí ẹ̀gbẹ́ wọn. "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa," ni Màmá wí, wọ́n sì tún okùn fèrè náà ṣe lọ́rùn Baba.

Orúkọ mi ti lọ lọ́kàn Baba, orúkọ ọmọ tí wọ́n bí pàápàá ti lọ. Màmá ò lọ.

Ilé alájà ló wà lórí pápá náà báyìí, mi ò sì tíì rí ẹni tó fi ìsọ̀ aránbàtà sí ibi tí ti Baba wà. Ọmọbìnrin mi ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ìwé. Bí mo bá ra bọ́ọ̀lù fún un, mo máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́ mọ́lẹ̀, n óò dúró tì í wo ibi tó fò dé. Ìbàdí mi fẹ̀ ju ti Màmá lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n náà ṣì pé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ mi fi orí gbá a, mo sì ro ìdí rẹ̀ fún wọn. Ọkùnrin náà fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. Ó wá béèrè bóyá dókítà ni mí.

Mo ní rárá, kípà ni mí.