Àwọn Ọmọ Òkè Tí Kì Í Kí Mi

Ìdílé kan láti Ṣáínà ń gbé lókè wa ní West Ridge, nílùú òyìnbó níbí: ìyá, ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlógún, àti ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Odindi oṣù mẹ́jọ ni àwọn ọmọ yìí fi ń kọjá lára mi lórí àtẹ̀gùn láìkí mi. Èmi! Èmi tí àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké tó jẹ́ Yorùbá ń kúnlẹ̀ kí níbi iṣẹ́! Bí mo bá ti yọjú, ọmọbìnrin á lẹ̀ mọ́ ògiri bí aláǹgbá. Ọmọkùnrin á gbé fóònù sétí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò pè é. Ọkọ mi ní kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Mo ní, àbùkù tí wọ́n fi ń kàn mí ńkọ́, ta ni màá fi ìyẹn sílẹ̀ fún?

Sátidé kan, mo gòkè lọ fẹjọ́ wọn sun ìyá wọn. Obìnrin kúkurú ni, ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo ro tẹnu mi. Mo tilẹ̀ túmọ̀ òwe fún un, pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní nílé tiwọn náà, ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe àgbà ní Àǹtí kí àgbà tó lanu, pé ìtìjú ti fẹ́ pa òun. Háà! Mo rí èèyàn mi! A jókòó, a mu tíì, a bú àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí títí ọ̀fun wa fi gbẹ.

Ó wá pe àwọn ọ̀daràn jáde. Òógùn bo imú ọmọkùnrin. Ọmọbìnrin la ẹnu, ohùn kò jáde. Mo ń múra láti sọ̀rọ̀ líle, ni mo bá rí ọwọ́ rẹ̀. Ó ń gbọ̀n bí ọwọ́ aláìsàn tó ń retí abẹ́rẹ́. Inú mi bàjẹ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ wá, mo sì ń pe àìsàn ní àfojúdi.

Ìyá wọn ṣàlàyé pé ẹ̀rù èèyàn ló ń bà wọ́n, àti pé ìyá kan náà ló bí wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wọn kò jọra. Ọmọkùnrin lè bá ọgọ́rùn-ún àjèjì pariwo lórí kọ̀ǹpútà. Èmi náà ń gbọ́ igbe rẹ̀ láti inú àjà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lójúkojú ló ń sá fún. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú yẹn gan-an ni kò fẹ́ rí. Ọmọbìnrin ní tirẹ̀ lè bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré dalẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ẹni tó lè dá a lẹ́jọ́, ó parí. Ebi lè pa á kú níwájú ẹni tó ń ta oúnjẹ.

Bẹ́ẹ̀ dókítà ẹranko ló fẹ́ dà. Ilé ìwòsàn ẹranko kan ní Hyde Park máa ń gba ọmọ mẹ́ta síṣẹ́ nígbà ọlidé. Lọ́dún tó kọjá, ó dé ẹnu ọ̀nà íntáfíù, ó sì wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Wọ́n ní kó tún wá lọ́dún yìí. Kò ní sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Mo ní kí wọ́n gbé e fún mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù.

Ọmọbìnrin náà sọ fún bàtà mi pé òun kì í mọ ohun tó yẹ kí òun sọ. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Àwọn baba wa ti bá a ṣe é! Ẹni tó jókòó ní kíkí tirẹ̀, ẹni tó dúró, ẹni tó ń dirun, ẹni tí òtútù ń pa. Mo kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀. Mo ní bí ohùn bá kọ̀, kó jẹ́ kí orúnkún ṣáájú. Ní ṣọ́ọ̀bù Yorùbá tí a ti ń ra gàrí, ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ní “Ẹ kú ìjókòó,” ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù fún un ní iṣu méjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wa lọ lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyá mẹ́rin yí i ká, wọ́n ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Inú mọ́tò la ti bá a, ó ti tilẹ̀kùn mọ́ra.

Lọ́jọ́ íntáfíù, ìyá wà níbi iṣẹ́, èmi ni mo gbé e lọ. Mo jókòó síta, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Òyìnbó mẹ́ta wà nídìí tábìlì. Ọmọ mi lanu, ó pa á dé. Ó tún lanu. Lójijì, gbì! Ó fi orúnkún méjèèjì gúnlẹ̀. “Ẹ kú ìjókòó o!”

Yéè! Mo gbé! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò rántí sọ fún un pé a kì í kúnlẹ̀ fún òyìnbó! Ọ̀kan sáré lọ bu omi. Ọ̀kan ń bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ̀kẹta ti wà lábẹ́ tábìlì, ó ń bá a wá ohun tó jábọ́.

Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ni ọmọ mi ti ń ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ó ní Àǹtí ìsàlẹ̀ ilé àwọn ló kọ́ òun, pé báyìí ni wọ́n ń kí ẹni tó jókòó, kí ẹnikẹ́ni má baà dúró máa wá ọ̀rọ̀. Wọ́n fà á dìde. Obìnrin tó bu omi bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ajá rẹ̀ ń ṣàìsàn. N kò kọ́ ọ ní ìyẹn. Ó ronú díẹ̀. Ó ní kì í ṣe olówó ajá ni òun máa kọ́kọ́ kí, ajá ni. Òun á jókòó sílẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀, nítorí ajá tó ń bẹ̀rù kì í fẹ́ kí wọ́n máa wo òun lójú. Kí a tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ti gbà á.

Nínú mọ́tò, mo ń pariwo, mo ń lu sítíárín ọkọ̀. “Ṣé o rí i? Ẹ̀rù ti lọ!”

“Rárá, Àǹtí,” ó ní. “Kò lọ. Ó ń bà mí títí tí a fi parí. Ó ń bà mí báyìí.” Ó mí kanlẹ̀. “Ẹ̀yin gan-an ni mo bẹ̀rù jù.”

Mo ní ọ̀rọ̀ bí ogún lẹ́nu. Mo gbé gbogbo rẹ̀ mì. Mo ń wakọ̀ lọ láìwò ó lójú, títí ó fi gbé orí lé gíláàsì, tó sì sùn lọ.